Ojú Tí Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú

Láti ìgbà tí wọ́n ti túfọ̀ àbúrò ìyá wa fún wa láti Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí mo ń rò ó lójú ọ̀nà, tí mo sì tún ń rò ó lórí ibùsùn. Kì í ṣe ikú náà fúnra rẹ̀, nítorí bàbá náà ti dàgbà, àìsàn wọn sì ti pẹ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́, ẹ̀rín náà sì ti di ẹjọ́ nínú ẹbí. Àwọn kan ní òtútù ìlú òyìnbó ti wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Àwọn tó fẹ́ gbèjà wọn ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Lójú tèmi, ibì kan náà ni tọ̀tún tòsì ti ṣìnà: àwọn tó ń bú wọn àti àwọn tó ń gbèjà wọn ló gbà pé láti inú ni ẹ̀rín náà ti wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àrùn multiple sclerosis, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní MS. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹbí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ètò ààbò ara ẹni ló ń kọjú ìjà sí ọ̀rá myelin, èyí tó bo àwọn fọ́nrán tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán á sì falẹ̀ tàbí kó má tilẹ̀ dé. A ti rí ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń rìn, a sì mọ̀ nípa ojú wọn ọ̀tún tó ṣókùnkùn fún ìgbà kan. Ohun tí kò yé ẹbí ni pé ọpọlọ tó ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ náà ló ń rán ẹ̀rín níṣẹ́, òun náà ló sì ń pa ọ̀rọ̀ àná mọ́ de òní.

## Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbọ́

Mo wà nílé ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ìpè náà wọlé. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ lórí tábìlì, wọ́n sì fi fóònù ti agolo mílíìkì kí àwa méjèèjì lè máa rí ìyá wa. Ìyá wa kò já ọ̀rọ̀ náà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè bóyá a ti jẹun, wọ́n ní ká jókòó dáadáa, kí wọ́n tó wá sọ pé bàbá ti lọ sinmi. Ẹni tí wọ́n bá ti túfọ̀ fún rí yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó jókòó.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Ìka wọn dúró lórí ẹ̀wà. Igun ẹnu wọn kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú jáde, ẹ̀rín ńlá tó ń mi èjìká, irú èyí tí ènìyàn ń rín nígbà tí àwàdà bá dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n ojú wọn kò bá ẹnu wọn lọ. Ojú náà là sílẹ̀ gbàràgàdà, ìbẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹ̀rín sì ń gba àárín ìka wọn jáde. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń wí láàárín ẹ̀rín pé, “Rárá o, rárá o.” Lọ́hùn-ún, ohùn ẹnìkan tí a kò rí béèrè pé, “Ta ló ń rẹ́rìn-ín?” Ìyá wa kò fèsì. Ìpè náà já, tàbí ẹnìkan ló pa á.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, ẹkún náà sì dáwọ́ dúró lójijì láìjẹ́ pé mo ti rí àyè rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Nígbà tí ohùn wọn padà bọ̀ sípò, wọ́n ní, “Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tèmi o. Inú mi ti bàjẹ́ láti ìgbà tí màmá ti ní ká jókòó.” Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá náà fún mi: bí bàbá ṣe fi kẹ̀kẹ́ gbé àwọn lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ́ lọ ra bàtà nígbà tí àwọn wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, bí bàtà náà ṣe tóbi jù, tí bàbá sì ní ẹsẹ̀ yóò bá a. Kò sí ohun tó yingin nínú ìbànújẹ́ yẹn. Ó pé pérépéré.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni ìsìnkú. Ìyá wa ti dárúkọ ọjọ́ náà nígbà tí wọ́n tún pè padà, èmi náà sì ti tún un sọ kí a tó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi tún pe ìyá wa láti béèrè, ni ẹjọ́ bá di méjì: ó fi ikú rẹ́rìn-ín, ó tún gbàgbé ọjọ́ tí wọn yóò sin òkú. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú la fi ń mọ inú, ìrántí la sì fi ń mọ ìfẹ́. Ẹni tó rántí orúkọ ọmọ rẹ, tó rántí ọjọ́ ìnáwó rẹ, tó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lóṣù tó kọjá, òun lo mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú ìdájọ́ tí à ń ṣe fún ara wa ló sì dúró lórí òwe yẹn. MS lè ya ojú kúrò lára inú, ó sì lè ya ìrántí kúrò lára ìfẹ́, láìjẹ́ pé inú yí padà tàbí pé ìfẹ́ dínkù.

## Wọ́n ti rí i tipẹ́

Ní 1868, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, Jean-Martin Charcot ṣàlàyé MS gẹ́gẹ́ bí àrùn kan tó dá dúró. Nínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn oníṣègùn, ó sọ pé ìrántí àwọn aláìsàn náà máa ń jó rẹ̀yìn gan-an, pé èrò máa ń pẹ́ kó tó délẹ̀ lọ́kàn wọn, pé ìmọ̀lára wọn a máa kú tipiri, pé àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín láìnídìí, àwọn mìíràn a sì máa sunkún láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, Augustus d'Este, ọmọ ọmọ Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kọ ìtàn àìsàn ara rẹ̀ sílẹ̀, àìsàn tí kò tíì ní orúkọ nígbà náà, ṣùgbọ́n tí àwọn dókítà tó kà á lẹ́yìn náà gbà pé MS ni. Ìsìnkú kan ní apá òkè Scotland ní 1822 ló fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà: ó ní òun tiraka kí òun má sunkún nítorí ẹbí òun tó kú, ẹkún náà borí òun, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí ojú òun kò fi lè ka lẹ́tà mọ́. Èmi kò ní sọ pé àrùn ló sunkún lọ́jọ́ yẹn; ẹni tó pàdánù ẹni tó fẹ́ràn bíi bàbá kò nílò àrùn kó tó sunkún. Àmọ́ kò kúrò lọ́kàn mi pé ibi òkú ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹkún tí ẹni tó ni ín kò lè dá dúró.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣègùn gbájú mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Òṣùwọ̀n EDSS, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí MS ṣe ba ara ènìyàn jẹ́ tó, tí John Kurtzke gbé jáde ní 1983, tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé, ń lọ láti 0 dé 10, bí aláìsàn bá sì ti kọjá 4, bó ṣe lè rìn jìnnà tó ló ń pinnu púpọ̀ nínú nọ́ńbà tí wọn yóò fún un. Ènìyàn lè máa gbàgbé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ ní gbogbo òwúrọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ má sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ní 1991, Stephen Rao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò àwọn aláìsàn tó ń gbé nílé wọn láàárín ìlú, wọ́n sì rí i pé ìrònú tàbí ìrántí ti mẹ́hẹ lára 43 nínú 100. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e fi í sí àárín 40 sí 65 nínú 100. Ohun tí ẹbí ń pè ní ìwà àjèjì lára ẹ̀gbọ́n mi ń bá nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àrùn náà fínra.

## Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀

Nígbà kan, wọ́n gbà kí n jókòó sẹ́yìn nígbà tí nọ́ọ̀sì ń dán ẹ̀gbọ́n mi wò. Bébà kan ṣoṣo ni. Àmì mẹ́sàn-án wà lókè rẹ̀, nọ́ńbà kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 9. Nísàlẹ̀ ni àwọn àmì náà tún tò sí, ìlà lórí ìlà, láìsí nọ́ńbà. Kí ènìyàn ṣáà máa pe nọ́ńbà tó bá àmì kọ̀ọ̀kan mu ni, fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n fi ìṣirò kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ṣi ẹyọ kan pè. Ṣùgbọ́n mo ń rí i bí ojú wọn ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀, tó sì tún ń gòkè lọ wo àmì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán, nítorí pé kò tíì jókòó sí wọn lọ́kàn. Ìlà díẹ̀ ni wọ́n parí kí nọ́ọ̀sì tó ní ó tó. Wọ́n béèrè pé, “Ṣé mo gbà á?” Nọ́ọ̀sì ní gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, ó kàn falẹ̀ ni.

Inú fífalẹ̀ yẹn ni púpọ̀ nínú wàhálà ìrántí MS ti ń wá. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ohun tí ènìyàn gbàgbé ti gbọ́dọ̀ wọlé kó tó sọnù. Ní àwọn ọdún 1990, John DeLuca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New Jersey fi hàn pé wíwọlé gan-an ló ṣòro fún púpọ̀ nínú àwọn tó ní MS. Wọ́n ní láti gbọ́ àkójọ ọ̀rọ̀ kan ní àgbọ́túngbọ́, ju bí ẹni tí kò ní àrùn náà ṣe nílò lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ́ ọ dójú ìwọ̀n kan náà, ohun tí wọ́n ń rántí lẹ́yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí yóò mọ bó ṣe rí: bí alájọ bá gba owó tí kò fàmì sí káàdì lọ́jọ́ náà, bí o yẹ káàdì náà wò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, o kò ní rí i. Àmì náà kò pa rẹ́. Wọn kò fà á ni. Ọjọ́ ìsìnkú tí ìyá wa sọ bọ́ sí àárín ẹkún, ìpè àti àárẹ̀, kò sì sí àmì kankan lórí káàdì.

Ìdí nìyẹn tí ohun àtijọ́ fi wà níbẹ̀ digbí. Ẹ̀gbọ́n mi lè ki oríkì Ìjẹ̀bú ọmọ alárè títí dé ibi tí èmi kò gbọ́ rí, kí wọ́n má sì rántí ohun tí àwa méjèèjì jọ sọ lánàá. Ẹnìkan nínú ẹbí ní èyí fi hàn pé ńṣe ni wọ́n ń yan ohun tó wù wọ́n láti rántí. Ẹ̀sùn yẹn dùn mí ju ti ẹ̀rín lọ, nítorí ó jọ òótọ́ létí ẹni tí kò mọ̀dí. Lórí àwòrán ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yà, hippocampus, apá tó ń ṣe iṣẹ́ fífi ohun tuntun pamọ́, máa ń súnkì lára àwọn tó ní MS, nígbà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà. Thalamus, tí ìròyìn púpọ̀ ń gbà kọjá nínú ọpọlọ, náà máa ń súnkì. Ta ló wá ń yan nǹkan níbẹ̀?

## Ọmọ tó mojú

Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní pseudobulbar affect, ẹ̀rín tàbí ẹkún tó ń bú jáde láìbá inú mu. Ìbànújẹ́ tàbí ìdùnnú tí ènìyàn ń ní jẹ́ ọ̀tọ̀. Ojú, èémí àti ohùn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rín àti ẹkún ń gba àṣẹ láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, nígbà tí àwọn fọ́nrán tó wá láti iwájú ọpọlọ, pẹ̀lú cerebellum tó wà lápá ẹ̀yìn orí, ń bá ìsàlẹ̀ yẹn díwọ̀n rẹ̀: ìgbà tó yẹ, ibi tó yẹ, bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Bí ọgbẹ́ MS bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, òṣùwọ̀n náà á dàrú. Ìròyìn tó wúwo lè tú ẹ̀rín sílẹ̀, ìpolówó ọṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n sì lè tú ẹkún. Anthony Feinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1997 pé ó ń ṣe nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn tó ní MS. Ó yàtọ̀ sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí nǹkan bí ìdajì wọn ń ní nígbà kan tàbí òmíràn láyé wọn, tó sì ń mú kí ìrántí tó ti falẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún falẹ̀ sí i.

Apá kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé. Kì í ṣe ojú aláìsàn nìkan ni kì í sọ ohun tó wà nínú. Ó tún máa ń ṣòro fún òun náà láti ka ojú ẹlòmíràn. Ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé àwọn tó ní MS máa ń ṣi ìrísí ojú kà, pàápàá ojú ìbínú àti ojú ìbẹ̀rù. Ẹ rò ó wò nínú ilé Yorùbá, níbi tí ìyá ti ń fi ojú lásán sọ fún ọmọ pé kó má jẹ ẹran tí àlejò fún un, pé kó dìde fún àgbà, pé kó panu mọ́. Láàárín àwa ọmọ ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi ló mojú jù. Màmá kò ní tíì wò tán tí wọn yóò ti kúnlẹ̀. Lónìí, ojú màmá lè ti yí padà lórí fóònù kí ẹ̀gbọ́n mi ṣì máa bá ọ̀rọ̀ lọ, màmá á sì rò pé ńṣe ni wọ́n ń fi ojú di òun.

Bákan náà ni tí ẹbí bá péjọ. Níbi tí ènìyàn márùn-ún ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀rọ̀ sì ń fò láti orí owó ilé sórí ìgbéyàwó ẹnìkan, ẹ̀gbọ́n mi a máa ṣa èsì ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kẹta ti tán. Wọ́n á kúkú dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ìgbéraga ará Lọ́ńdọ̀nù, Leeds ì báà ti wù kó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù.

## Àwa náà wà nínú rẹ̀

Díẹ̀ nínú àìgbàgbọ́ ẹbí ní ìdí tirẹ̀. MS kì í ṣe àrùn tí wọ́n dàgbà bá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, àgbà onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n ń rí níbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n sì fi gbà káàkiri ayé pé àrùn òyìnbó ni. Èrò yẹn kò dúró mọ́. Ìwádìí kan ní apá gúúsù California, tó jáde ní 2013, fi hàn pé MS ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ju àwọn òyìnbó lọ, pàápàá láàárín obìnrin. Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, gbọ́ ní 1986 pé òun ní in. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Harvard tó ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10 rí i pé ewu MS ń fò sókè ní ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí kòkòrò Epstein-Barr bá ti wọ ara ènìyàn. Kòkòrò náà wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láyé, díẹ̀ nínú wọn ni MS sì ń mú, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan. Ṣùgbọ́n mo máa ń mẹ́nu bà á fún ẹni tó bá ní ká wá ẹni tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi lọ.

## Ẹyin lẹ́yìn kẹ̀kẹ́

Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí oògùn kan tó pa dextromethorphan àti quinidine pọ̀ fún ẹ̀rín àti ẹkún yìí ní 2010. Ní Gẹ̀ẹ́sì, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ìwọ̀n kékeré ni àwọn dókítà sábà máa ń lò fún un, òun náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò báyìí. Ẹ̀rín náà ṣì ń wá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ mọ́.

Ti ìrántí ló wú mi lórí jù. Nancy Chiaravalloti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn tó ní MS láti máa ya ohun tí wọ́n fẹ́ rántí ní àwòrán lọ́kàn, kí wọ́n sì hun ún sínú ìtàn. Àwọn tó kọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nǹkan tuntun dáadáa ju àwọn tí kò kọ́ ọ lọ. Ó kúkú bá ìwà ẹ̀gbọ́n mi mu. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, ni wọ́n fi ìsìnkú sí. Wọ́n jókòó, wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì hun ún báyìí: bàbá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí lásìkò tí àwọn ènìyàn ń jáde láti ìrun Jímọ̀, ẹyin 14 wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ọ̀kankan kò sì fọ́. Wọ́n sọ ìtàn náà fún mi kí a tó jẹun, wọ́n tún un sọ lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n tún un sọ nígbà tí a jí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ ọ́, èmi kò rán wọn létí. Ìsìnkú ti kọjá báyìí, wọ́n ṣì ń bi mí léèrè bóyá mo rò pé ẹyin náà dé ilé.

Ìyá wa ti yí ọwọ́ padà díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá wà, ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp, kí ẹ̀gbọ́n mi lè gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Bí a bá ń pe ara wa, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà kó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, òfin tí èmi kò rò pé ó lè ṣiṣẹ́ nínú ẹbí wa láéláé. Tí ẹ̀rín bá sì dé lásìkò tí kò yẹ, màmá á béèrè pé, “Ṣé tinú ni àbí tojú?” Ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn pé tojú ni, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ.

Ìyàwó bàbá tó kú kò tíì gba àlàyé wa, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ọkọ wọn ló kú, etí wọn ló sì gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè wọ́n láti sọ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn rẹ́rìn-ín lójú wọn bí àwọn bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró díẹ̀ kí wọ́n tó bínú. Ìyàwó bàbá ní àwọn ti gbọ́, kí ẹ̀gbọ́n mi ṣáà máa bọ̀.